Káàdì Ìjókòó Bàámi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. Ara mi le. Ara Àǹtí náà le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n nítorí aṣọ oníaṣọ tí wọ́n ń fọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ní kí n kí yín, kí n sì sọ pé àbúrò tó bá rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa kọ ìwé tirẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Mo ti jíṣẹ́ o.

Mo kó káàdì mẹ́rin tí ẹ fi sínú lẹ́tà lọ fún Tíṣà Àgbà. Tẹ́lẹ̀, Àǹtí ló máa ń kó o lọ, èmi kì í tilẹ̀ wò ó. Nígbà tí mo dé yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, òjò dé, ni wọ́n bá ní kí n jókòó sẹ́yìn. Bí mo ṣe wo ìpàdé Ẹgbẹ́ Aṣoore láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nìyẹn. Káfíńtà ni alága báyìí. Wọ́n lu agogo, Tíṣà Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ yín, kò sẹ́ni tó dáhùn. Tíṣà Àgbà wá gbé káàdì sókè, wọ́n ní, "Ó wà pẹ̀lú àwọn ará wa lọ́hùn-ún, láti agogo dé agogo." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní, "Onígbàjámọ̀ wa ti ń bá àwọn èèyàn ńlá jókòó." Orí mi wú. Lẹ́yìn náà ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé bàbá ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí káàdì yẹn wà fún. Ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́rin jẹ léra wọn, orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n tó bá rìnrìn àjò, tó lọ bá ẹgbẹ́ kan náà jókòó níbi tó wà, tí akọ̀wé ibẹ̀ fọwọ́ sí káàdì, wọ́n á kà á bí ẹni pé ó wá. Oṣù méjì péré ni wọ́n máa ń fún káàdì tó bá pẹ́ lọ́nà. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí?

Àlejò tó wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà wá sọ̀rọ̀ nípa oorun, pé àwa èèyàn kì í sùn tó. Ohùn rẹ̀ tutù gan-an. Kó tó parí, ìdajì ilé ti sùn lọ. Káfíńtà ní àwọn ò tíì rí àlejò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọni lára tó bẹ́ẹ̀.

Bàámi, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Fóònù kan wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ mo máa ń ráàyè lọ́sàn-án, kódà lọ́jọ́ tí aṣọ bá pọ̀ tí mi ò lọ sílé ìwé. Ẹ pè mí ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ohùn yín ti ń fẹ́ bọ́ lọ́kàn mi. (Mo ti pa ìlà méjì rẹ́ níbí. Ẹ má gbìyànjú láti kà á.)

Èmi ni,
Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ẹ ń kí ẹ. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mẹta: nínú bọ́ọ̀sì, nílé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, àti lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ alájàpá oorun yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi pé ẹni tá a jọ ń gbé yàrá béèrè bóyá ara mi dá.

Ọ̀rọ̀ fóònù kò ní ṣeé ṣe. Ọjọ́bọ̀ gan-an ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù níbí. Láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, n kì í ráàyè mí. Má bínú.

Ta ló ní kó o máa pa ilé ìwé jẹ nítorí aṣọ? Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo gbọ́. Mi ò wá síbí torí kí ọmọ mi lè di alágbàfọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ náà, bí ẹni tó ń sá fún ajá ni.

Káàdì mẹ́rin mìíràn wà nínú àpò ìwé yìí. Fi lé Tíṣà Àgbà lọ́wọ́ fúnra ẹ, má fi rán ẹnikẹ́ni, má sì jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n ò jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹun níbí, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi ò tó láti fi kílípà kan orí ẹnikẹ́ni. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi pẹ̀lú iṣẹ́ mi. Tí wọ́n bá pa á rẹ́ níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo tún wà mọ́.

Bàbá ẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìlàkàkà. A wà láàyè. Mo ti fi káàdì lé Tíṣà Àgbà lọ́wọ́, wọ́n sì ti kà á, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú sí mi. Mo wo káàdì náà dáadáa kí n tó fi sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo wọn. Aago méjìlá ọ̀sán sí aago kan ààbọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ẹ kì í ráàyè mí ní Ọjọ́bọ̀. Báwo lèèyàn kan ṣe ń wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mo bi Àǹtí. Wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bàbá ta ni?" Mo ní, "Bàbá mi." Wọ́n ní, "Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀."

Nǹkan kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí akọ̀wé ibẹ̀ fọwọ́ sí, ó ya òdòdó kékeré kan. Lórí gbogbo káàdì. Ó tún fi gègé kọ nǹkan sí àárín káàdì, ṣùgbọ́n ó so àwọn lẹ́tà pọ̀ bí òwú tó ta kókó, èdè wọn náà ni, mi ò lè kà á. Ta ló ń ya òdòdó sórí nǹkan tí í ṣe tiyín?

Alága rán mi sí yín. Àlejò tó wá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré. Wọ́n ní àga onítáyà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́, pé lọ́sẹ̀ tó lọ, ọkùnrin kan pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ wọlé, ìyá náà sì ń bú u ní gbogbo ọ̀nà pé ó ń mi òun jìgìjìgì. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wá di pé kò pani lẹ́rìn-ín mọ́. Ẹgbẹ́ fẹ́ ra àga kan sí i. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn á fọ ọkọ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n lè dáwó. Ọjọ́ náà gan-an ni òjò fọ gbogbo ọkọ̀ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà ní Ọjọ́ Ìgẹrun tiyín ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, tí ẹ máa ń gẹ irun láti àárọ̀ tí oníkálukú á sì sọ ohun tó bá ní sínú àpótí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ṣe é. Wọ́n wá ní kí ẹ bá àwọn ará ibẹ̀ tí ẹ jọ ń jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi àga kan ṣàánú.

Ṣé ẹ máa sọ ọ́? Gbogbo ẹgbẹ́ ti ń wojú mi.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ẹ, mo kí ẹ̀gbọ́n mi. Sọ fún Alága pé mo gbọ́.

Nípa ìyókù, ọmọ kì í fi ìbéèrè dá bàbá rẹ̀ dúró lọ́nà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ sílé ìwé.

Káàdì mẹ́rin ló wà níbí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́.

Bàbá ẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Mo kí yín, nítorí wọ́n ní a kì í kọ̀wé sí àgbà láìkí i.

Ẹ ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo kà á. Èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá, mo kà á títí ó fi sú mi, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìlà mẹ́fà lẹ kọ sí mi. Mo kà á pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà yẹn fi rìn kó tó dé, ìlà mẹ́fà ló wá gbé dé. Ṣùgbọ́n ẹ ráàyè fún ẹgbẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí Ọlọ́run dá, wákàtí kan àti ààbọ̀. Tí mo bá jẹ́ ẹgbẹ́, ṣé ẹ ò bá máa wá bá mi jókòó?

Obìnrin kan tó ń gbé aṣọ wá fún Àǹtí ní ọkùnrin tó bá ti rí ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún un kì í kánjú wálé. Àǹtí ní kó gbé ẹnu rẹ̀ sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà iná áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì.

Màmá mi kú kí n tó mọ ojú wọn. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Mi ò sọ pé kí ẹ má fẹ́yàwó o. Kí ẹ ṣáà sọ ọ́ ni. Ẹ bá mi kí Òdòdó.

Káàdì yín dé.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Èyí kì í ṣe lẹ́tà. Mi ò ní fi í ránṣẹ́.

Mi ò fún wọn ní káàdì náà. Ó wà nínú páànù tí Bàámi ń kó kílípà ìgẹrun sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, abẹ́ kóòmù onírin. Mo ní kí n mú un lọ lọ́la, ọ̀la di ọ̀tunla. Nígbà tí Tíṣà Àgbà bá pe orúkọ tí kò sẹ́ni tó dáhùn, inú mi máa ń dùn, lẹ́yìn náà mi ò ní lè wojú ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ẹni tí mò ń fìyà jẹ. Mo fẹ́ kó dùn ún níbì kan. Mo fẹ́ kó kọ̀wé sí mi láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kó gùn, kó kún ojú ewé méjì.

Mo ṣì ń lọ sípàdé wọn ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mò ń to àga fún wọn. Mi ò mọ ìdí. Lánàá, panápaná kan ló wá sọ̀rọ̀. Ó dáná láti fi bí wọ́n ṣe ń pa á hàn wá, tábìlì ilé ìkàwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́ mi,

Ẹ̀jẹ̀ mi, mo kí ẹ. Jókòó kó o tó ka èyí, ó gùn.

Ẹni tó ń ya òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọ̀pá ló fi ń rìn, eyín ẹnu rẹ̀ sì máa ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń rẹ́rìn-ín. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ níbí. Kò sí ìyàwó kankan. Ta ni ìbá fẹ́ mi, èmi tí òórùn ọṣẹ abọ́ ò lọ lára mi?

Ṣé o ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Abọ́ ni mò ń kó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ yẹn. Mo sọ fún yín pé mò ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti tóbi bó ṣe wù ú. Yàrá ńlá òtẹ́ẹ̀lì wa ni ẹgbẹ́ ibí ti máa ń ṣèpàdé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ mi, mo gbé àtẹ dúró sẹ́bàá ògiri, mo gbọ́ agogo. Ìró kan náà ni, Abẹ́rẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ẹnu mi ti là kí n tó rántí pé wọn ò ní pè mí. Àlejò wọn sọ̀rọ̀, ẹnì kan sùn, alága wọn dá àpárá tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ilé ni mo wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọbẹ̀ sí ọkùnrin kan lọ́rùn.

Mo máa ń fi báàjì ẹgbẹ́ wa sí ẹ̀yìn épúrọ́ọ̀nù mi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ láti kó abọ́, épúrọ́ọ̀nù ṣí, ìyá àgbà yẹn rí i. Lẹ́yìn ìpàdé ó tọ̀ mí wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní ibo ni mo ti rí i. Mo rò pé ó fẹ́ ní mo jí i ni. Mo ṣàlàyé. Mo sọ òfin ìpàdé mẹ́rin fún un, ó ní àwọn náà ní in. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "O ti ń gbọ́ àpárá alága wa láti oṣù mẹ́fà, o ò sì tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Mú káàdì wá." Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yẹn ló ti ń fọwọ́ sí i títí dòní.

Káàdì ìjókòó ni à ń pè é. Mi ò jókòó rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣé ó wá yé ẹ ìdí tí mi ò fi lè bá wọn sọ̀rọ̀ àga onítáyà? Kí n gbé abọ́ sílẹ̀ kí n ní kí ni?

Má sọ fún wọn nílé. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sóhun tó kàn mí nínú ká máa pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ṣì ti jẹ́ onígbàjámọ̀. Máa kó káàdì lọ, ìyẹn náà tó.

Bàbá ẹ tó fẹ́ràn ẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Bàámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìwé ti ń tán nínú ìwé ìdánrawò mi.

Wọ́n ti yọ orúkọ yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ni lẹ́tà yín dé.

Èmi ni. Káàdì oṣù kẹrin kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Mo fi ojú ewé kan tí mo kọ nígbà yẹn há inú ìwé yìí, tí mo ní mi ò ní fi ránṣẹ́. Ẹ kà á kí ẹ lè mọ irú ọmọ tí ẹ bí.

Tíṣà Àgbà ò fẹ́ ṣe é. Mo rí wọn. Wọ́n pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá yíjú sí mi níbi tí mo ti ń to àga. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí lẹ́tà kankan láti ọ̀dọ̀ bàbá ẹ?" Mo ní, "Rárá, mà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, ojú mi ò ṣẹ́. Wọ́n mú rúlà, wọ́n fa ìlà kan gbọọrọ lórí orúkọ yín. Wọn ò tẹ gègé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìlà ni. Káfíńtà ní ká lọ sórí nǹkan tó kàn, àlejò ọjọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú eyín.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, ibi tí ẹ ti ní ẹnu yín ti là láti dáhùn, mo wọ inú ilé ìwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Àǹtí kàn án, wọ́n ní ṣé inú ló ń run mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tí mo bá lọ sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n á béèrè ìdí, ìdí náà ni Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni abọ́. Ẹ ní kí n má sọ. Tí mi ò bá sọ nǹkan kan, ìlà yẹn á wà níbẹ̀ títí. Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Ẹ sọ fún mi. Ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Bàámi,

Ẹ kú ìdákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí, tó bá ti ń bọ̀ lókèèrè ló ti máa ń mi orí fún mi.

Mò ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ báyìí. Mo sọ ọ́ torí pé kò sí nǹkan míì tí mo lè fi bẹ̀ yín.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Abẹ́rẹ́,

Lẹ́tà ẹ ti oṣù kẹfà dé, inú bí mi. Mo fọ́ abọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo ní mi ò ní kọ̀wé mọ́. Lẹ́yìn náà mo ka ojú ewé tó o fi há inú rẹ̀, ibi tó o ti fẹ́ kí lẹ́tà mi kún ojú ewé méjì. Mo kó gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ẹ rò. Mi ò rí èyí tó kún ojú ewé méjì nínú wọn, àfi ti oṣù kẹfà. Ẹjọ́ mi pọ̀ níbẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èmi ni mo sọ ẹ́ lórúkọ yẹn, mo sì fẹ́ kí n gbé e mì.

Mo ṣì dúró níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ìyá àgbà mú gègé jáde, mo ní kò sídìí ẹ̀ mọ́, wọ́n ti yọ mí nílé. Ó fọwọ́ sí káàdì, ó ya òdòdó rẹ̀, ó lọ. Káàdì náà nìyí. Mi ò mọ ohun tá a lè fi í ṣe.

Ṣe ohun tó bá tọ́ lójú ẹ. Tó bá gba kó o sọ ti abọ́, sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Bàbá ẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Bàámi,

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Àǹtí kí yín. Wọ́n ní àwọn dárí jì yín lórí ohun tí ẹ ò ṣe, ìyẹn ìyàwó.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, ó gùn.

Mo lọ sípàdé. Ọkùnrin tó ń sin oyin ló yẹ kó wá sọ̀rọ̀. Kò wá. Ó ránṣẹ́ pé àwọn oyin òun ta òun lójú láàárọ̀ náà. Káfíńtà ní, "Ó dáa, ṣé ẹnì kan wà tó ní ọ̀rọ̀ tó lè fi dí àyè?" Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ti di káàdì márùn-ún mọ́wọ́ débi pé wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra.

Mo ní bàbá mi fi káàdì ránṣẹ́, èmi ni mo fi pamọ́. Mo ní Tíṣà Àgbà bi mí, mo purọ́. Mo ní inú ló bí mi pé ẹgbẹ́ rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ò rí i. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ abọ́.

Káfíńtà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o láyà o." Nọ́ọ̀sì, tó ti wọ ẹgbẹ́ báyìí, ní, "Àbí ẹ fẹ́ kó purọ́ kejì ni?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹnì kan ní kí wọ́n pa ìlà náà rẹ́, ẹlòmíì ní òfin ni òfin, oṣù méjì ti kọjá. Níkẹyìn wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti kúrò, bí ẹni tuntun ló máa padà wọlé, ẹni tuntun sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ àánú kan. Káfíńtà ní, "Kí wá ni onígbàjámọ̀ tó wà lọ́hùn-ún lè ṣe fún wa níbí?" Mo ní, "Kílípà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, sà."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ, tí mò ń to àga, Tíṣà Àgbà pè mí. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n na káàdì kan sí mi, wọ́n ní, "Ka ibi tó kọ sí yìí." Mo ní mi ò lè ka irú ìkọ̀wé yẹn. Wọ́n ní, "Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó jókòó pẹ̀lú wa. Obìnrin náà fi ìlà pa á rẹ́. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: ó dúró pẹ̀lú wa, láti agogo dé agogo." Mo tún gba káàdì náà, mo wò ó. Wọ́n ní, "Látorí káàdì àkọ́kọ́ ló ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ purọ́, kò sì fẹ́ kí bàbá ẹ pàdánù. Èmi náà kì í purọ́. Ó wà pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń kà á." Mo bi wọ́n pé ta ló tún mọ̀. Wọ́n ní, "Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. N kì í ka ìwé oníwèé síta mọ́."

Nítorí náà, Bàámi, ó ti lé lọ́dún kan tí Tíṣà Àgbà ti mọ̀, tí wọ́n sì ń gbé káàdì yín sókè. Mi ò mọ bóyá kí ẹ tijú tàbí kí ẹ má tijú. Mo rò ó títí, orí ń fọ́ mi.

A ṣe Ọjọ́ Ìgẹrun ní Sátidé méjì sẹ́yìn. Mo fi òróró sí kílípà bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àǹtí fọ aṣọ funfun tí a ń so mọ́ni lọ́rùn, wọ́n sì lọ̀ ọ́ títí ó fi le bí páálí. Orí Káfíńtà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ní alága ló ń ṣíwájú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Mo gé òsì, òsì wá ga ju ọ̀tún lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń dé fìlà wá sípàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọwọ́ mi ti ń rántí. Mo máa ń di dígí mú fún yín, ṣé ẹ rántí? Mi ò mọ̀ pé mò ń wò. Àwọn èèyàn tò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Ọkùnrin tó pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ wá, ó ní kí n gé tòun kanlẹ̀. Àga onítáyà ti dé ilé ìwòsàn. Kì í ṣe tuntun, ó máa ń ké tó bá ń yí, ṣùgbọ́n ó ń yí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n kọ orúkọ yín padà. Ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ wà báyìí, ẹ̀yin ni ẹni tuntun. Káfíńtà gbé àga yín wá síwájú, wọ́n ní kí n jókòó kí n bá yín dáhùn. Mi ò jókòó. Mo dúró sẹ́bàá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń ṣe àfojúdi, Tíṣà Àgbà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọ́n pe orúkọ yín, onígbàjámọ̀. Mo ní, "Ó wà." Ọkùnrin olóyin náà wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ tó wú ti lọ sílẹ̀. Mo dúró láti agogo dé agogo. Ẹsẹ̀ ro mí. Mi ò mọ̀ pé wákàtí kan àti ààbọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi díẹ̀ tí mo bá jí láàárọ̀, mi ò mọ ẹni tó ń bí mi sí. Ẹ ò tíì sọ ìgbà tí ẹ ń bọ̀, mo sì ń bẹ̀rù láti béèrè. Gbogbo káàdì ti wà lọ́wọ́ Tíṣà Àgbà, kò sí èyí tó kù nínú páànù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tí ẹ bá ti kó abọ́ tán, tí gbogbo wọn ti lọ, ẹ fa àga kan, ẹ jókòó díẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ sí i.

Abẹ́rẹ́ yín